Bí òkè, ẹ̀fúùfù àti ìgbà ọdún ṣe ń pinnu irú afẹ́fẹ́ tí ará ìlú Seoul ń mí sínú

Ní ìlú Seoul, tí í ṣe olú ìlú orílẹ̀-èdè Gúúsù Kòréà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í jáde nílé láàárọ̀ láì kọ́kọ́ wo fóònù wọn. Kì í ṣe òjò nìkan ni wọ́n ń wò. Ìjọba ibẹ̀ ti fi àwọ̀ mẹ́rin sàmì sí bí eruku inú afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó: àwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ó dára, àwọ̀ ewé pé ó mọ níwọ̀n, àwọ̀ ìyeyè pé kò dára, pupa sì ni pé ó burú gidi. Ó lè jẹ́ àwọ̀ aró lọ́jọ́ Ajé kó di pupa lọ́jọ́rú. Ọkọ̀ kò pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun. Ibi tí ìlú náà tẹ̀dó sí àti ìgbà tí ọdún wà ló ń fa ìyípadà náà.

Ilẹ̀ tó lọ sísàlẹ̀, tí òkè yí ká, ni Seoul wà. Òkè Bukhansan tó ga ní mítà 836 wà lápá àríwá, Gwanaksan tó ga ju mítà 600 lọ wà lápá gúúsù, Odò Han sì la àárín ìlú kọjá kó tó forí lé òkun tó wà láàárín Kòréà àti Ṣáínà. Nígbà tí ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé Joseon gbé olú ìlú rẹ̀ wá síbẹ̀ lọ́dún 1394, ohun iyì ni àwọn òkè náà jẹ́, nítorí pé wọ́n dà bí odi fún ìlú. Odi kan náà ni kì í jẹ́ kí èéfín òde òní tètè rọ́nà jáde. Èéfín ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 9 ló ń gbé inú ìlú náà. Bí a bá ka Incheon àti ìpínlẹ̀ Gyeonggi tó yí i ká mọ́ ọn, iye wọn sún mọ́ mílíọ̀nù 26, ìyẹn bí ìdajì gbogbo ará orílẹ̀-èdè náà.

Ìgbà òtútù ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ. Láti oṣù Kejìlá, afẹ́fẹ́ tútù tó wúwo máa ń gbára jọ sórí ilẹ̀ Sìbéríà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ wá sí Kòréà láti ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn. Bó bá ń fẹ́ tagbáratagbára, òtútù á mú wọ egungun, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ á mọ́, nítorí pé ó ń gbá gbogbo èéfín kúrò láàárín òkè. Bó bá wá rọlẹ̀, ara á tu àwọn èèyàn díẹ̀, wàhálà á sì bẹ̀rẹ̀. Lóru irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ máa ń tètè tutù, afẹ́fẹ́ tó fara kàn án á tutù pẹ̀lú, á sùn sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù ú lọ á wá bò ó bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín mọ́tò, ti ẹ̀rọ amúlégbóná àti ti ilé iṣẹ́ á há sábẹ́ ọmọrí náà, nígbà mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan, títí ẹ̀fúùfù tuntun yóò fi ṣí i.

Àwọn àgbà Kòréà ní gbólóhùn kan, samhansaon, tó túmọ̀ sí pé òtútù á mú fún ọjọ́ mẹ́ta, ara á sì móoru fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ọmọ ìwòyí ti yí i padà sí samhansami: ọjọ́ mẹ́ta fún òtútù, ọjọ́ mẹ́rin fún eruku. Àwàdà ni, àmọ́ ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ.

Láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, eruku mìíràn tún ń bọ̀. Hwangsa ni wọ́n ń pè é. Iyanrìn àti erùpẹ̀ aṣálẹ̀ Gobi àti ti àríwá Ṣáínà ni, èyí tí ẹ̀fúùfù ń gbé nígbà tí yìnyín bá ti yọ́, tí ilẹ̀ gbẹ, tí koríko kò sì tíì hù. Ẹni tó bá mọ bí eruku Sàhárà ṣe ń bá ọyẹ́ wọ ilẹ̀ Yorùbá yóò tètè lóye rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan àná: ìwé ìtàn Samguk Sagi ṣàkọsílẹ̀ òjò erùpẹ̀ ní ilẹ̀ Silla lọ́dún 174. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká da hwangsa pọ̀ mọ́ eruku kíkúnná tó ń kó ìdààmú bá wọn lónìí. Erùpẹ̀ ni hwangsa, ojú ń rí i. Eruku kíkúnná tí wọ́n ń pè ní PM2.5 ń wá látinú ohun tí a sun àti gáàsì tó para dà lójú ọ̀run. Irun orí èèyàn fi nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n nípọn jù ú lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2019 ni wọn kò ní gbàgbé. Ẹ̀fúùfù rọlẹ̀, èéfín òkèèrè pàdé ti ìlú, wọn kò sì rí ibi lọ. Ọjọ́ méje gbáko ni ìgbésẹ̀ pàjáwìrì fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Seoul. Lọ́jọ́ 5 oṣù náà, ìpíndọ́gba PM2.5 tó máíkírógíráàmù 135 nínú mítà kúbíìkì kan, bẹ́ẹ̀ 35 ni ìwọ̀n tí òfin Kòréà fàyè gbà lóòjọ́. Lọ́jọ́ 13, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣòfin tó ka eruku náà mọ́ àjálù.

Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń dá lẹ́bi. Àjọ NASA àti àwọn onímọ̀ Kòréà fi bàálù wọn afẹ́fẹ́ náà ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà ọdún 2016. Àbájáde wọn ni pé ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún PM2.5 tí wọ́n rí ní Seoul jẹ́ ti Kòréà fúnra rẹ̀, ìdá 34 sì wá láti Ṣáínà. Ká má gbàgbé pé kì í ṣe ìgbà òtútù ni wọ́n wọ̀n ọ́n, nígbà tí ẹ̀fúùfù ń gba ọ̀dọ̀ Ṣáínà wá jù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi iye yẹn jiyàn pé Ṣáínà kò jẹ̀bi rárá ń tan ara rẹ̀, bí ẹni tó ní gbogbo rẹ̀ ti Ṣáínà wá náà ṣe ń tan ara rẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kẹfà, ẹ̀fúùfù á máa ti orí òkun gúúsù wá, òjò changma á dé, á sì fọ ojú ọ̀run mọ́ títí di ìparí oṣù Keje. Àmọ́ bí oòrùn bá mú, ìtànṣán rẹ̀ máa ń sọ gáàsì ọkọ̀ di ózónì, èyí tí ìbòmú lásán kò lè dá dúró.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni ìjọba ti ń fi oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ṣe ètò àkànṣe: wọ́n ń dí ọkọ̀ àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ lọ́nà, wọ́n sì ń dá lára àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná tó ń lo èédú dúró. PM2.5 Seoul tó jẹ́ 25 ní ìpíndọ́gba ọdún 2019 já wálẹ̀ sí 18 lọ́dún 2022, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fẹ́ láti 2021. Bí ẹ̀fúùfù ọdún kan bá ṣe fẹ́ náà ń dá kún iye wọ̀nyí.

Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń dára jù. Ẹni tó ní ikọ́ fée tó sì fẹ́ lọ kàwé tàbí ṣòwò ní Seoul, ìgbà yẹn ni kó dé, kó sì ti ra ìbòmú KF94, tó ń sẹ́ ó kéré tán ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún eruku kíkúnná, kí oṣù Kejìlá tó wọlé.