Níbo Ni Ilé Yín Gan-an? Bí Àwọn Akú Ṣe Wá Ara Wọn Rí ní Freetown

Ní oṣù kẹfà ọdún 1822, wọ́n kó ọmọdékùnrin ará Òṣogùn kan gúnlẹ̀ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Òun ni a wá mọ̀ lẹ́yìn náà sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ogun ni ó kó o ní 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi gbé e wọ ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Myrmidon tó gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù kẹrin 1822. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní 1837, ó sọ ohun kan tí àwọn òǹkàwé sábà máa ń fò kọjá: nígbà tí wọ́n mú wọn dé abúlé Bathurst, wọ́n bá ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n ti mọ̀ rí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ lè máà mọ ilé bàbá rẹ. Báwo ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí a kó dà sí èbúté kan ṣoṣo ṣe kúrò lórí ti èdè dé orí ti ìlú, ti agbo ilé àti ti ẹbí?

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fi èyí ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀, àti ilà tàbí àpá tí ó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pín wọn káàkiri àwọn abúlé: Regent, Charlotte, Kissy, Wellington, Hastings, Waterloo. Ẹni méjì tí wọ́n jọ ti inú ọkọ̀ kan sọ̀ lè má ríra mọ́. Nígbà tí ìrìbọmi sì dé, ẹni tí ń jẹ́ Àjàyí di Samuel, orúkọ tí ì bá ṣe amọ̀nà fún ará ilé rẹ̀ sì fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ àlejò.

Ìkíni ni ó kọ́kọ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí pé "ẹ kú" kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, àwọn ìran yòókù ní Freetown sọ gbogbo wọn ní Akú, wọ́n sì gba orúkọ náà. Lẹ́yìn ìkíni ni ilà ojú ń sọ apá ibi tí ènìyàn ti wá. Lẹ́yìn ilà ni ìbéèrè tí gbogbo wa mọ̀: ọmọ ta ni ọ́, ní ilé wo? Àwọn Akú ní olórí tiwọn. Thomas Will jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó di ipò náà mú. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí ń sìnkú, tí ń ran aláìsàn àti aláìní lọ́wọ́. Ní Waterloo, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n pè ní ti Ìran Mẹ́tàdínlógún, tí aṣojú ìran kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ ìsìnkú ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí ará ìlú máa ń wá ara wọn tó ọjọ́ tí òkú bá sùn.

Ẹni tí ó jẹ́ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí ní kíkún ni Sigismund Koelle, ará Jámánì, míṣọ́nnárì tí ó ń kọ́ni ní Fourah Bay. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní London ní 1854. Ó fi ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn tí ó sún mọ́ 300 bi àwọn ènìyàn tí ó ju 200 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fún òpìtàn, ohun tí ó kọ nípa àwọn olùdáhùn náà níye lórí ju àwọn ọ̀rọ̀ ọ̀hún lọ: ìlú tí wọ́n bí i sí, bí wọ́n ṣe mú un, iye ọdún tí ó ti lò ní Sàró, àti iye ará ìlú rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀pọ̀. Àwọn mìíràn kò ní ju ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ, àwọn kan sì wà tí kò sí ẹlòmíràn tí ó lè bá wọn sọ èdè ìyá wọn mọ́.

Nínú ìpín ti Akú, èdè méjìlá ni Koelle tò: Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yorùbá (Ọ̀yọ́ ni ó ń pè bẹ́ẹ̀), Yàgbà, Ẹ̀kì, Jùmú, Òwórò, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó àti Ìṣẹ̀kírì. Ó tilẹ̀ bá àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn pé kò tọ́ láti fi orúkọ Yorùbá pe gbogbo wọn, nítorí pé ẹ̀ka kan ṣoṣo ni ó ni ín, àwọn ìyókù kò sì fẹ́ ẹ.

Kò sí Ṣábẹ níbẹ̀. Kò sí Kétu. Bẹ́ẹ̀ ni ogun Dahomey ń kó àwọn ènìyàn wa ní gbogbo ìgbà yẹn, ọkọ̀ tí ó ti Ouidah jáde sì wà lára àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń mú. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé ọmọ Ṣábẹ kankan kò tẹ Freetown. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n wọ abẹ́ orúkọ Akú, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Ní Bahia, Nàgó ni wọ́n pe àwọn ènìyàn wa. Ní Cuba, Lucumí. Orúkọ ńlá máa ń dáàbò bo ènìyàn, ó sì tún lè gbé e mì.

Àǹfààní mímọ ará ìlú ẹni kò pẹ́ fara hàn. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn kan ti ń wọ ọkọ̀ òkun padà sí Badagry, tí wọ́n ń gba ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Crowther alára dé Abẹ́òkúta ní 1846. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìròyìn rẹ̀ dé etí ìyá rẹ̀, ìyá náà sì wá bá a, lẹ́yìn ọdún márùn-ún-dínlọ́gbọ̀n. Orúkọ Samuel kò lè mú ìyá yẹn wá. Àjàyí ọmọ Òṣogùn ni ó wá wò.

Àwọn ìwé ìjọba tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kò ṣègbé. Àwọn onímọ̀ ti kó orúkọ tí ó lé ní 91,000 jọ láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ti Freetown àti ti Havana, wọ́n sì ń bẹ àwọn tí ó gbọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà kí wọ́n kà wọ́n sókè, kí wọ́n sọ èdè tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti wá. Akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè wa ni ó kọ wọ́n, nítorí náà etí ni a fi ń dá wọn mọ̀, kì í ṣe ojú. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ èdè Ṣábẹ lè ṣe ni.

Ní ti àwa fúnra wa, ọmọ Bessé tí ó bá dé Cotonou, Nàgó ni ará ìta ń pè é. Bí wọ́n bá bi í síwájú sí i, yóò ní ará Savè ni òun, nítorí pé ìyẹn ni àwọn ènìyàn mọ̀. Ó lè gbé àdúgbò kan pẹ̀lú ọmọ Bessé mìíràn fún ọdún mẹ́wàá kí òkú ìlú tó mú wọn pàdé ní ibùdókọ̀. Nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́, "Savè" nìkan ni púpọ̀ nínú wa ń kọ sí iwájú orúkọ wa. Mo dábàá pé kí á fi ìlà mẹ́ta kún un kí ìpàdé ńlá tí ń bọ̀ tó dé: abúlé, agbo ilé, àti àdúgbò tí a ń gbé nísinsìnyí. Kí a sì fi ìbéèrè tí Koelle bi àwọn olùdáhùn rẹ̀ ṣe ìkẹrin: ẹ̀yin ará ìlú rẹ mélòó ni ẹ wà níbẹ̀?