Ìjọba apàṣẹwàá: láti Berlin dé Òkìtìpupa

Ìjọba apàṣẹwàá ni ìjọba tí aráàlú kò lè fi ìbò yọ, tí ilé-ẹjọ́ kò sì lè dá lọ́wọ́ kọ́. Àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù kìíní 1966 títí di oṣù karùn-ún 1999, ọdún 33 ó lé díẹ̀, àwọn gómìnà tí wọ́n dìbò yàn kò lò ju bí ọdún mẹ́fà lọ lórí Òkìtìpupa àti àyíká rẹ̀: 1979 sí 1983, àti oṣù kìíní 1992 sí oṣù kọkànlá 1993. Gbogbo ìyókù, sọ́jà ló ni ín. Ṣáájú wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn pàápàá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pàṣẹ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Jámánì ni orílẹ̀-èdè tí gbogbo ayé máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí, Jámánì sì ti fẹsẹ̀ kan etíkun wa rí. Ní 1885, Gaiser, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò epo àti ẹ̀kùrọ́ láti Hamburg tó ń tajà ní Èkó, bá Amapetu, ọba Màhín, ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etíkun Ìlàjẹ. Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ààbò wọn ní oṣù kẹta ọdún náà. Kí ọdún tó parí, Berlin ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀ ló kù kí etíkun tó súnmọ́ Ìkálẹ̀ jù lọ wà pẹ́ lábẹ́ àsíá Kaiser, ọba Jámánì, bíi Togo àti Cameroon.

Lẹ́yìn tí Jámánì pàdánù Ogun Àgbáyé Kìíní, Kaiser sá kúrò lórí oyè ní 1918. Ìwé òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní Weimar ní 1919 fún tọkùnrin tobìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Abala 48 ìwé òfin yìí kan náà ló sọ pé, bí ewu bá wu ìlú, ààrẹ lè fi àṣẹ nìkan ṣèjọba. Ewu kì í sì í wọ́n ní ìlú tí ebi ń pa. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé láti 1929, tí àwọn tí kò níṣẹ́ ní Jámánì tó bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ní 1932, Ààrẹ Hindenburg sọ Abala 48 di oúnjẹ òòjọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé ìbò ló gbé Adolf Hitler dé orí oyè. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní oṣù keje 1932, ó sì já wálẹ̀ sí 33 ní oṣù kọkànlá. Àwọn òṣèlú àgbà bíi Franz von Papen, tí wọ́n rò pé àwọn yóò máa darí rẹ̀, ni wọ́n rọ Hindenburg títí ó fi yàn án ní olórí ìjọba ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní 1933. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jóná ní oṣù kejì. Lọ́jọ́ kejì iná náà, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀tọ́ aráàlú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, àwọn aṣòfin fúnra wọn dìbò, 444 sí 94, pé kí ìjọba Hitler máa ṣòfin láìsí àwọn. Wọn kò jẹ́ kí àwọn Kọ́múníìsì wọlé láti dìbò. Ẹgbẹ́ Social Democrat nìkan ló kọ̀. Ní oṣù keje, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tí Hindenburg kú ní oṣù kẹjọ 1934, Hitler so ipò ààrẹ àti ti olórí ìjọba pọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Oṣù 18 péré! Òfin ni wọ́n sì fi pa òfin.

Nílé níbí pẹ̀lú, ìlẹ̀kùn òfin ló kọ́kọ́ ṣí. Òkìtìpupa jẹ́ olú ìlú ẹkùn tó kó Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ pọ̀ nínú Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà tí Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, aṣáájú méjì nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, kọlu ara wọn. Àwọn aṣòfin ju àga lu ara wọn nílé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1962. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Títí di ìparí ọdún, ẹni tí a kò dìbò yàn ló ń pàṣẹ fún gbogbo ẹkùn. Wọ́n sọ Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ní 1963. Ìbò oṣù kẹwàá 1965 bí rògbòdìyàn tí a mọ̀ sí wẹ́tìẹ̀: ilé ń jó, ènìyàn ń jó. Nígbà tí sọ́jà gbàjọba ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966, ọ̀pọ̀ ló yọ̀.

Ìgbà tó yá ni ìtumọ̀ ìjọba sọ́jà hàn. Ní 1970, nínú ẹjọ́ Lakanmi, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìjọba ológun kò lágbára láti fi òfin gba dúkìá ènìyàn bó ṣe wù ú. Kí oṣù tó yí po, ìjọba gbé Àṣẹ 28 jáde: ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ àṣẹ ológun wò mọ́. Èmi gbà pé àṣẹ yìí ju ìbọn lọ, nítorí kò pariwo, ó sì pẹ́ títí.

Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976. Ajásin, olùkọ́ àgbà ará Ọ̀wọ̀, wọlé gómìnà ní 1979. Ní oṣù kẹjọ 1983, wọ́n kéde pé Ọmọ́bórìowó, igbákejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló borí. Ìpínlẹ̀ gbiná, wọ́n pa Ọláìyá Fágbàmígbé ní Àkúrẹ́. Ilé-ẹjọ́ dá ìbò náà padà fún Ajásin, ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí sọ́jà ti dé. Láti 1984 dé ìbẹ̀rẹ̀ 1992, gómìnà ológun mẹ́fà ló jẹ lórí Oǹdó: Otiko, Akhigbe, Ọ̀pálẹ́yẹ, Ràsákì, Bọ̀dé George, Olúkòyà. Rédíò ló ń sọ fún ará Òkìtìpupa pé gómìnà ti yí padà. Ta lèèyàn fẹ́ bi nípa títì tí kò parí, nígbà tí ẹni tó ṣèlérí rẹ̀ ti padà sí bárékè?

Sani Abacha, tó gbàjọba ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1993, tó sì lé Gómìnà Olúmilúà tí aráàlú dìbò yàn lọ, ló ṣe èyí tó le jù. Ní 1995, àwọn ọlọ́pàá mú Ajásin, ẹni ọdún 86, nílé rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ẹgbẹ́ kan ni Hitler fi sílẹ̀. Abacha fi márùn-ún sílẹ̀, gbogbo wọn sì fà á kalẹ̀ fún ipò ààrẹ ní 1998. Bọ́lá Ìgè, àgbà òṣèlú, pè wọ́n ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó ń bínú sí ìbàjẹ́ omi wọn gba ibùdó epo Parabe tó jẹ́ ti Chevron lójú òkun. Ní ọjọ́ 28, hẹlikọ́pítà tí ilé-iṣẹ́ náà háyà gbé sọ́jà dé, méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì kú. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ní San Francisco sọ ní 2008 pé Chevron kò jẹ̀bi. Abacha kú ní ọjọ́ 11 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Parabe.

Ìjọba alágbádá padà ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1999. Ní 2003, Olúṣẹ́gun Agágu, ọmọ Ìkálẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, di gómìnà. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìbò rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 2009. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n búra fún Mímikò, tó bá a du ipò náà, Agágu sì gbé ìjọba sílẹ̀. Orúkọ Agágu ni yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa ń jẹ́ lónìí.