Ìbátan Inú Igbó tí ó Gba Ẹ̀gẹ́ Là

Bí a bá jókòó ti àwo ẹ̀bà, ọwọ́ àti ẹnu ni ó ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí ń bèèrè ìtàn. Síbẹ̀, gàrí ní ìtàn, ìtàn náà sì gba Ìbàdàn kọjá.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Àwọn Potogí ni ó gbé e kọjá òkun ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìdálẹ̀ yìí ni ó ti kó àrùn kan tí kò bá a wá láti ilé. Ní 1894, Warburg, ará Jámánì, kọ̀wé nípa àrùn náà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ewé ẹ̀gẹ́ a ká kò, àwọ̀ rẹ̀ a ṣì, gbòǹgbò rẹ̀ a sì kéré. Eṣinṣin funfun tíntìntín ni ó ń gbé àrùn náà láti oko dé oko. Àgbẹ̀ tí ó bá sì gé igi ẹ̀gẹ́ tí ń ṣàìsàn gbìn, àrùn ni ó gbìn.

Ní àwọn ọdún 1930, Storey àti Nichols bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amani, lórí òkè Usambara ní Tanganyika. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ẹ̀gẹ́ tí agbára rẹ̀ tó, wọ́n yíjú sí àwọn ìbátan rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Manihot glaziovii, igi ilẹ̀ Bràsíìlì tí a ti gbé wá sí Áfíríkà nítorí oje rọ́bà, kì í ṣe nítorí oúnjẹ. Wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí kò bẹ̀rù àrùn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò dára. Wọ́n bá dá ọmọ náà padà sí ìdílé ẹ̀gẹ́: wọ́n tún un so pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́, wọ́n ṣa èyí tí kò ṣàìsàn, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀mẹta. Báyìí ni gbòǹgbò ṣe dára, tí agbára igbó kò sì lọ.

Nichols kú ní 1951. Jennings gba iṣẹ́ náà ṣe. Irúgbìn láti Amani dé Moor Plantation ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni a sì ti ṣa ọ̀kan ní 1958, tí a pè ní 58308. Kò ta púpọ̀, àgbẹ̀ kò sì du ú, ṣùgbọ́n a kò sọ ọ́ nù. Ní 1971, Hahn, ará Kòríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. 58308 yìí ni ó sì fi ṣe òbí. Nínú irú-ọmọ rẹ̀ ni TMS 30572 wà, èyí tí ó tàn ká oko Nàìjíríà, tí ó sì wúlò fún àwọn ará Uganda nígbà tí àrùn náà jà wọ́n gidigidi ní àwọn ọdún 1990.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ tí ó yẹ àbùdá ẹ̀gẹ́ Áfíríkà wò ṣì bá apá kan ti igi rọ́bà yẹn níbẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Nítorí náà, kí a tó ṣá igbó kan lulẹ̀ pé kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó wà nínú àwo ẹ̀bà wa.