Ẹni tí Ó Jókòó àti Ẹni tí Ń Gun Àtẹ̀gùn

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ikú òjijì tí àrùn ọkàn ń fà di ohun ìbẹ̀rù láàrin àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí rẹ̀ kò sì yé àwọn oníṣègùn. Dókítà Jerry Morris rò pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní 1949, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 31,000 ọkùnrin, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 35 sí 64.

Ọgbọ́n gidi ni ó fi yan àwọn wọ̀nyí. Inú ọkọ̀ kan náà ni awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ipò wọn láwùjọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó ni awakọ̀ fi ń lo ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti kọ̀ńdọ́kítọ̀, ọkọ̀ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọkọ̀ náà, àtẹ̀gùn tí ó sì ń gùn lóòjọ́ láti gba owó lọ́wọ́ èrò òkè tó 500 títí dé 750.

Ìwé àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1953. Àrùn ọkàn kò pọ̀ láàrin àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ti àwọn awakọ̀. Bí ó bá sì mú wọn, kì í tètè dé, kì í sì í le tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ó rí fún àwọn apínlẹ́tà, bí a bá fi wọ́n wé àwọn akọ̀wé àti àwọn tí ń dáhùn tẹlifóònù.

Ṣé kì í ṣe pé àwọn tí ó sanra tẹ́lẹ̀ ni ó ń yan iṣẹ́ awakọ̀? Ìbéèrè tí ó bọ́gbọ́n mu ni. Morris lọ wo ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n rán fún wọn, ó sì kéde ní 1956 pé ìbàdí ṣòkòtò àwọn awakọ̀ ni ó fẹ̀ jù. Síbẹ̀, ìsanra nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà: kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ó sanra pàápàá sàn ju awakọ̀ tí ó sanra bíi tirẹ̀ lọ.

Morris fúnra rẹ̀ mú eré sísá ní pápá Hampstead Heath ní ọ̀kúnkúndùn, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tí ó kú ní 2009.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2024 pé, ní 2022, 31 nínú 100 àgbàlagbà ayé ni kò lo ara wọn tó. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni àjọ náà ní ó kéré jù. Ẹni tí ń ti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó lè lo wákàtí púpọ̀ lórí ìjókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí ó tó tún lọ jókòó nídìí tábìlì títí di ìrọ̀lẹ́.