Ọmọ Wíwá Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè?



Ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Ọmọ́bọ̀ríowó ti sọ èrò ọkàn Yorùbá: ọmọ ju owó lọ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí púpọ̀ nínú wa ti ń kàwé, owó àti àdúgbò ló ń pinnu ẹni tí ìjọba yóò ràn lọ́wọ́ láti bímọ. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1978 ni wọ́n bí Louise Brown ní ìlú Oldham. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n fi àtọ̀ bá ẹyin pàdé nínú àwo, kí wọ́n tó gbé e sínú ìyá rẹ̀. Patrick Steptoe, Robert Edwards àti Jean Purdy ló ṣe iṣẹ́ náà. Ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n bí ọmọ náà sí, bẹ́ẹ̀ àjọ ìjọba tí ń náwó sí ìwádìí ìṣègùn ti kọ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́ ní 1971. Nígbà tí wọ́n dá Bourn Hall sílẹ̀ nítòsí Cambridge ní 1980, ilé ìwòsàn aládàáni ni.

Ní 2004, NICE, àjọ tí ń la ọ̀nà ìtọ́jú fún àwọn dókítà, dá a lábàá pé kí obìnrin tó wà láàárín ọdún 23 sí 39, tí ó bá yẹ fún ìtọ́jú náà, rí i gbà títí di ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́fẹ̀ẹ́. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àṣẹ. Ọwọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ìlera àdúgbò ni àpò owó wà. Ìgbà kan wà tí ìgbìmọ̀ kan ń fún ni lẹ́ẹ̀mẹta, òmíràn lẹ́ẹ̀kan, tí òmíràn kò sì tilẹ̀ fún ni rárá. Òpópónà kan ṣoṣo lè la aláàánú àti aláìláàánú láàárín.

Òfin sọ pé kí ìgbìmọ̀ gbọ́ tẹnu ará ìlú kí ó tó yí irú ètò bẹ́ẹ̀ padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ìgbìmọ̀ Croydon, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, bi àwọn ènìyàn léèrè bóyá kí wọ́n dá owó náà dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dáhùn ló ní rárá. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún náà, ìgbìmọ̀ dá a dúró, nítorí gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Lọ́dún kan náà ni Cambridgeshire, àgbègbè tí Bourn Hall gan-an wà, dá tirẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò dákẹ́, ní 2021 wọ́n sì dá ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan padà.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bíbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn yàtọ̀ sí gbígba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ti pinnu tán, tí ó wá pe ìpàdé, ẹlẹ́rìí ló ń wá, kì í ṣe olùdámọ̀ràn. Síbẹ̀, ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹni tó san owó ìlera orí físà kò ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú yìí lọ́fẹ̀ẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ní 2024, owó náà di pọ́n-ùn 776 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tọkọtaya inú wa, ẹ wádìí kí ẹ tó gbára lé e. Bí àwọn ìgbìmọ̀ tó gbapò ní 2022 bá sì gbé ìwé ìbéèrè dé àdúgbò yín, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ dáhùn, kí ẹ sì bá àwọn ará wa tó ti di onílé níbẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó kan ojú, ó kan imú.

Àwọn tí ń wá ọmọ nínú wa, Olúwa yóò fi ọmọ rere dá wọn lóhùn. Ire o.