Ọjọ́ Orí àti Àga Ilé Aṣòfin: Ọ̀rọ̀ Kan fún Ọmọ Àkókó

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1951 ni a ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní gbangba ní Ọ̀wọ̀, ìlú aládùúgbò wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ni Anthony Enahoro, ọmọ Uromi, tí ó wọ Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún kan náà, tí a sì ti ibẹ̀ yàn lọ sí Ilé Aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, òun ni ó dìde tí ó dá àbá pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Àwọn aṣojú Òkè Ọya kò fara mọ́ ọn, Ilé sì dàrú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tí ó tún lè bo ọ̀rọ̀ òmìnira mọ́lẹ̀ títí tí ó fi dé ní ọdún 1960. Ọmọ ọdún 29 ni Enahoro lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin wọn ọjọ́ orí yẹn wò. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 fi ọdún 21 ṣe ìwọ̀n fún Ilé Aṣojú-ṣòfin, ó sì fi 30 ṣe ti Ilé Aṣòfin Àgbà. Nígbà tí àwọn ológun gbé ti ọdún 1999 kalẹ̀, 21 di 30, 30 sì di 35. Bí irú òfin yìí bá ti wà ní ọdún 1953 ni, à bá ti dá Enahoro padà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìgbòkègbodò àwọn ọ̀dọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018, 30 sì di 25. Inú wa dùn. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ ìṣirò yóò rí i pé ọdún mẹ́sàn-án ni a gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, márùn-ún ni a sì dá padà. Ti Ilé Àgbà kò kúrò ní 35.

Nílé wa ńkọ́? Ìkàrẹ́ wà ní Àkókó Àríwá-Ìlà-Oòrùn, tí òun àti Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn jọ ní àga kan. Ọ̀kà wà ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, tí òun àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn jọ ní èkejì. Àga méjì péré ni gbogbo ilẹ̀ Àkókó ní nínú 360 tí ó wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajayi Boroffice, ọmọ Ọ̀kà, ti pé ọdún 62 nígbà tí ó wọ Ilé Àgbà ní ọdún 2011, ó sì lo ọdún 12 níbẹ̀. Olubunmi Tunji-Ojo, ọmọ Ọ̀yín, jẹ́ ẹni ọdún 36 nígbà tí a dìbò yàn án sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní ọdún 2019. Ní ọdún 2023 ó di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. A bá a yọ̀, ṣùgbọ́n òfin ọdún 2018 kọ́ ni ó ṣílẹ̀kùn fún un, nítorí ó ti kọjá 30.

Kí ni ó wá ń dènà ọmọ ọdún 25? Owó fọ́ọ̀mù ni. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ òṣèlú APC ta fọ́ọ̀mù ìdíje sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní mílíọ̀nù 10 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Àwa olùkọ́ kò lè rí irú nǹkan báyìí kí a má ṣírò rẹ̀: owó oṣù 333 ni, èyí tí ó ju ọdún 27 lọ, bí ẹni náà kò bá jẹ tí kò sì mu. Wọ́n dín in kù fún àwọn ọ̀dọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ pàápàá ju owó oṣù ọdún 13 lọ. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ní 25 yóò ti pé 38 kí ó tó ra fọ́ọ̀mù tí a dín kù fún ọ̀dọ́.

Ẹgbẹ́ ìlú a máa dáwó rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ tí ó fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ fún wa ní Àbújá, a kì í dá kọ́bọ̀ fún un. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá ti bá a ra fọ́ọ̀mù tán ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ni ó ń gbọ́ tirẹ̀.