Adìẹ Àgbàsìn

Kò sí àgbẹ̀ koko tó wọ igbó Odígbó láyé àwọn òbí wa tí kò gbé adìẹ dání. Ó lè má lówó lọ́wọ́, ó lè má tíì ní páànù tí yóò fi bo ilé, ṣùgbọ́n àgò kan á wà lórí ẹrù ìyàwó rẹ̀: àgbébọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, àti àkùkọ kan tí yóò máa jí wọn. Nígbà tí koko ilẹ̀ Ìbàdàn ń gbó ni wọ́n ń wá ilẹ̀ tuntun bọ̀ lọ́dọ̀ wa, pàápàá láàárín ọdún 1940 sí 1960. Àwọn òbí tèmi wà nínú wọn, àbà kan tí kò jìnnà sí Ajué ni wọ́n tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Ìtàn koko, àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ọ́. Ti adìẹ ni mo fẹ́ sọ, nítorí lẹ́yìn ilé mi ní Ore ni mo ti ń sìn ín títí di òní.

Adìẹ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Inú igbó gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé òun la sọ pé ó tan ilẹ̀ ká ní Ifẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀, òun oníka márùn-ún. (Mo ti rí oníka márùn-ún lọ́jà Ore, ẹni tó ń tà á kò tilẹ̀ kíyè sí i.) Tí ẹ bá tọ títì tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá dé Bìní, ẹ ó gbọ́ nípa Okukor, àkùkọ idẹ tó jẹ́ ti pẹpẹ ìyá ọba. Àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ lọ́dún 1897, wọ́n fi ta Jesus College ní Cambridge lọ́rẹ lọ́dún 1905, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò sì dá a padà títí di 27 oṣù Ọ̀wàrà 2021.

Àmọ́ adìẹ ààfin kọ́ ni tiwa. Adìẹ àbà ni, àgbàsìn ló sì mú kó pẹ́ láyé. Ẹni tí kò bá ní adìẹ á lọ gba àgbébọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní, kò ní san kọ́bọ̀. Òun ni yóò máa fún un lágbàdo, òun ni yóò máa lé àṣá. Bí adìẹ bá pa ọmọ, tí àwọn ọmọ sì dàgbà tó tà, wọn á pín wọn dọ́gba, ìyá adìẹ á sì wà ní ti olówó rẹ̀. Bí adìẹ náà bá kú, a gbọ́dọ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ han olówó rẹ̀, kó má baà ní a ti sè é jẹ. Ìyá mi kì í kó gbogbo adìẹ rẹ̀ sójú kan. Òmíràn wà lábà kejì, òmíràn wà lọ́dọ̀ ìyàwó ará Ùròbò kan tó ń fọ́ epo létí odò. Ìyá mi gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan lára gbogbo tirẹ̀, nítorí náà kò sí ìjà.

Ẹni tí kò bá mọ lùkúlùkú lè rò pé àánú lásán ni wọ́n ń ṣe. Àrùn náà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìlú Newcastle pè lẹ́yìn tó jà lọ́dọ̀ wọn ní nǹkan bí ọdún 1926, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ìparí ọdún 1952 wọ 1953. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń dé. Adìẹ á dákẹ́, á ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn á lọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àgbàlá ti dá páropáro. Ṣùgbọ́n àgbàlá ẹnì kan ni. Èyí tó wà lábà kejì lè má gbọ́ rárá. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá mi yóò ti lọ gba ọmọ ìran adìẹ rẹ̀ padà.

Ogun abẹ́lé dé. Ní oṣù Ògún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo jẹ́ ọ̀gá wọn gba Bìní, tí wọ́n sì tẹ̀ síwájú dé Ore. Gbogbo Yorùbá ló mọ gbólóhùn tó kù lẹ́yìn rẹ̀: ó le kú, ìjà Ore. Ohun tí ìyá mi máa ń fi kún un ni pé ará ìgboro sá wọ àbà, wọn kò ráyè kó adìẹ, nígbà tí wọ́n sì padà, sójà ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Àbà ni adìẹ tó tún ìgboro kún ti wá.

Ohun tí lùkúlùkú àti ìbọn kò lè ṣe sí àgbàsìn, títì ló ṣe é. Títì ńlá tó wá láti Ṣàgámù lọ sí Bìní sọ Ore di ibi tí gbogbo mọ́tò ń dúró jẹun. Àwọn olóúnjẹ ń wá adìẹ, oníṣòwò láti Èkó náà ń wá a. Ní 1976 ìjọba Ọbásanjọ́ dá Operation Feed the Nation sílẹ̀, òròmọdìẹ àgírìkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé. Nígbà tí àgbébọ̀ ti di owó, ta ni yóò tún fi í fún aládùúgbò sìn? Oníkálukú kó tirẹ̀ sínú ọgbà, ó tì í pa. Àkùkọ kan náà ń gun ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, ẹyin ń di òbu, ọmọ ń yọ láìlágbára, a wá ń ní adìẹ ìbílẹ̀ kò wúlò.

Àwọn oríṣi tó ṣọ̀wọ́n ló kọ́kọ́ lọ. Aṣa, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn. Òpìpí, tí ìyẹ́ kò pọ̀ lára rẹ̀. Arúpẹ kúkúrú. Bí wọ́n bá dé ọjà, àwọn tó ń wá wọn fún ètùtù ń bẹ níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni abọ́lọ́rùn. Ooru kì í mú un bíi tàwọn yòókù, nítorí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá mú un lọ́wọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ níwájú. Òmíràn ní ìdì ìyẹ́ kékeré kan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ nìkan ló fún un ní ọrùn bíbọ́, bó bá sì pàdé adìẹ lásán, bí ìdajì ọmọ wọn ni yóò bọ́ lọ́rùn. Èyí tí kò ní ìdì yẹn rárá, ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá ló ti gbà á, gbogbo ọmọ rẹ̀ ni yóò bọ́ lọ́rùn. Aṣa le díẹ̀ sí i: ẹ má jẹ́ kí aṣa gun aṣa, nítorí bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn ni ìyẹ́ wọn yóò máa ṣẹ́, tí ara wọn yóò ṣí sílẹ̀.

Ní ti ẹyin, èédú ni ìyá mi fi ń sàmì sára èyí tí adìẹ ń sàba lé, kó lè mọ èyí tí òmíràn wá yé kún un. Èmi náà ń lo èédú. Lálẹ́ ọjọ́ keje mo ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹyin: èyí tó ní ọmọ, iṣan pupa á ta nínú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, èyí tó mọ́ gaara, mo mú un kúrò. Lọ́jọ́ kọkànlélógún, ẹ má tọwọ́ bọ ìtẹ́. Adìẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Mi ò bá àwọn onímọ̀ jà. Ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ ní yunifásítì FUNAAB, Abẹ́òkúta, mú adìẹ ìbílẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ FUNAAB Alpha, tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018, adìẹ gidi sì ni. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹran tó wà ní Vom náà ń ṣe oògùn lùkúlùkú tí ooru kì í tètè bà jẹ́, èkán kan sójú adìẹ ti tó, kí a sì tún un ṣe ní bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Mò ń lò ó. Ṣùgbọ́n oògùn kò lè fún àgbàlá ní àkùkọ tí kì í ṣe ọmọ ìyá àwọn àgbébọ̀ ibẹ̀.

Nítorí náà ni mo fi dá àgbàsìn padà láàárín àwa díẹ̀ ní Ore, Ajué àti Oníparagá. Àkùkọ ń yí ilé kiri lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ ṣì jẹ́ ìdajì-ìdajì, àfi pé mo fi òfin kan kún un: nínú abọ́lọ́rùn, èyí tó ní ìdì ìyẹ́ ni tiwọn, èyí tí ọrùn rẹ̀ bọ́ pátápátá ni tèmi. Wọ́n gbà, wọ́n ní tèmi burẹ́wà jù. Ìyá kan ní Oníparagá nìkan ló wo ọrùn adìẹ náà, tó tún wo ojú mi, tó ní òun fẹ́ ká pààrọ̀.